Ta ni ọmọ Ìlú Ọba? Ohun tó wà nídìí awuyewuye lórí ẹ̀jẹ̀ àti páálí

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan jáde láti orí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba, ó sì gba gbogbo ìwé ìròyìn wọn kan. Konstantin Kisin, ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn ètò náà, sọ pé Rishi Sunak kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ àti ẹ̀sìn Híńdù tó ń ṣe. Ìlú Moscow ni wọ́n bí Kisin fúnra rẹ̀ sí. Southampton ni wọ́n bí Sunak sí ní 1980, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kàwé, òun sì ni olórí ìjọba wọn láti oṣù Kẹwàá 2022 títí di oṣù Keje 2024. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Suella Braverman, tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé rí, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọmọ Bìrìtìkó ni òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. London ni wọ́n bí òun náà sí. Ní ti Sunak, ó ní kò sí àní-àní níbẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni òun.

Àwa tí a ní ọmọ, ọmọ-ọmọ, àbúrò àti ìyekan kárí Peckham, Thamesmead, Manchester àti Birmingham kò lè wo ọ̀rọ̀ yìí bí ìjà àwọn olóṣèlú lásán. Ìbéèrè náà le fún ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ wá láti Òṣogbo. Ó tún le lọ́nà mìíràn fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, tí ìran ìyá rẹ̀ sì ti ń sin òkú wọn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Yorkshire láti bí irinwó ọdún. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ènìyàn di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ náà wà lára ọmọ yìí. Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń bi nínú ọkọ̀ ojú irin pé, "Níbo lo ti wá gan-an?" Ohun tí mo rí nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé, ni pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹnu pè, àwọ̀ ni ojú wọn ń wò.

Ẹ wo ìdílé ọba wọn. Erékùṣù Corfu ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n bí Prince Philip sí ní 1921, òun ni bàbá Ọba Charles. Saxe-Coburg and Gotha ni ìdílé náà ń jẹ́ títí di 1917, orúkọ Jámánì pọ́ńbélé. Ìgbà tí ogun àárín wọn àti Jámánì gbóná ni Ọba George Karùn-ún yí i padà sí Windsor, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún náà. Ẹ tún wo Boris Johnson. New York ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì ni bàbá tó bí bàbá-bàbá rẹ̀, Ali Kemal, oníròyìn tó tún ṣe mínísítà níbẹ̀. N kò tíì gbọ́ ètò kankan tí wọ́n ti jókòó jiyàn bóyá Johnson jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá 2022, nínú ààfin Buckingham, Lady Susan Hussey, tó ti sin Ọbabìnrin Elizabeth fún ọ̀pọ̀ ọdún, bi Ngozi Fulani léèrè léraléra pé níbo ló ti wá gan-an. Obìnrin dúdú ni Fulani, London ni wọ́n bí i sí, ó sì sọ ọ́ fún un. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ olùbéèrè lọ́rùn. Lady Hussey fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì tọrọ àforíjì.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bìrìtìkó ni orúkọ gbogbo ìjọba náà, tó kó Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Àríwá Ireland pọ̀. Òfin ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Bìrìtìkó, ìwé ìrìnnà sì ni ẹ̀rí rẹ̀, ohun tí àwọn ará wa ń pè ní páálí. Kò sí páálí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí òfin kankan tó sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ẹni tí kì í ṣe é. Ibi tí òfin kò dé yìí ni gbogbo ènìyàn ti ń fi ọkàn ara wọn ṣe ìdájọ́, ibẹ̀ náà sì ni ìjà wà. Enoch Powell, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Eastbourne ní oṣù Kọkànlá 1968. Ó ní bí wọ́n bá bí ọmọ ará erékùṣù Caribbean tàbí ọmọ ará Éṣíà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin lè sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí Kisin sọ ní 2025 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i.

Ìwé ìkànìyàn wọn fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà tí ènìyàn jẹ́, kò sì sí àpótí tó jẹ́ ti ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà méjì. Ọdún 2001 ni wọ́n tó fi í kún un ní Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Àwọn tó fa àmì sí i nígbà náà tó 660,000. Nígbà tó di 2011, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan àti 200,000. Ní 2021, wọ́n di mílíọ̀nù kan àti 700,000, ìyẹn nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ará ìlú. Nínú wọn, àwọn tó fa àmì sí òyìnbó pọ̀ mọ́ dúdú láti Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa yóò wà, tó bí 250,000. Ilé kan nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé àdàpọ̀ yìí jẹ́ ohun àjèjì tó wọlé lánàá kò tíì ka ìwé ìjọba tiwọn.

Ìbéèrè kan tún wà nínú ìwé ìkànìyàn yẹn tó wù mí kí ẹ fara balẹ̀ wò. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ọmọ ibi tó ka ara rẹ̀ sí: Bìrìtìkó, Gẹ̀ẹ́sì, Wales, Scotland, Àríwá Ireland, tàbí ibòmíràn. Ní 2011, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sókè pátápátá nínú ìwé tí wọ́n pín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fa àmì sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ju ìdajì lọ, 57.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó mú Bìrìtìkó nìkan jẹ́ 19.1. Ní 2021, wọ́n gbé Bìrìtìkó lọ sókè. Àwọn tó mú Gẹ̀ẹ́sì nìkan já wálẹ̀ sí 14.9, àwọn tó mú Bìrìtìkó nìkan fò sókè sí 54.8. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Àwọn aṣèṣirò ìjọba fúnra wọn sọ pé yíyí tí wọ́n yí ètò àpótí náà padà wà lára ohun tó fà á. Bí ohun tí mílíọ̀nù ènìyàn ń pe ara wọn bá lè tẹ̀ lé àpótí tó wà lókè nínú ìwé, a jẹ́ pé àwọn tó ń sọ pé inú eegun ló wà ń sọ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ.

Òfin wọn pẹ̀lú kò dúró lójú kan rí, ìtàn rẹ̀ sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, Èkó di ilẹ̀ Ọbabìnrin Victoria pátápátá. Púpọ̀ jù nínú ìyókù ilẹ̀ Yorùbá tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn náà jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn kàn ń dáàbò bò ni. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1930 jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn jẹ́ ẹni abẹ́ ààbò, kò sì ní ẹ̀tọ́ tí àbúrò rẹ̀ ní. Bàbá kan, ìyá kan, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ibi tí ìyá wọn wà nígbà tó rọbí ló ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú òfin.

Ní 1948, wọ́n ṣe òfin tó sọ gbogbo ọmọ abẹ́ ọba ní ilẹ̀ wọn àti ní àwọn ilẹ̀ amúnisìn di ọmọ onílẹ̀ kan náà. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury pẹ̀lú àwọn ará Caribbean. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀, ní 1962, ní 1968, àti ní 1971. Òfin 1971 ló fi ìran ènìyàn sí àárín ọ̀rọ̀ ní gbangba: ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní Ìlú Ọba lè wọlé wá gbé bó ṣe fẹ́. Ẹ lè mọ ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe lóore. Ọmọ Australia àti ọmọ Kánádà tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti ibẹ̀ lọ ni, òyìnbó sì ni púpọ̀ nínú wọn.

Òfin 1981 ló wá parí rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bíbí tí wọ́n bí ọmọ sí Ìlú Ọba kò tó mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Bìrìtìkó tàbí kó ti ní ìwé ìgbélùú títí láé. Oṣù Kìn-ín-ní 1980 ni wọ́n bí Kemi Badenoch, olóṣèlú Ìlú Ọba tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, sí Wimbledon. Èkó ló dàgbà sí, ó sì padà sí Ìlú Ọba nígbà tó di ọmọ ọdún 16. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló jẹ́ kó ní páálí láìjà láìta. Ká ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n bí i, láti ọ̀dọ̀ òbí tí kò ní ìwé ìgbélùú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá yàtọ̀.

Ibì kan wà nínú òfin yẹn tó dùn mí jù. Bí ọkùnrin òyìnbó, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀, bá bí ọmọ fún obìnrin Yorùbá tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú, tí wọn kò sì ṣe ìgbéyàwó, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ Bìrìtìkó. Títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2006 ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu, kó máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, kó máa sùn nínú ilé bàbá rẹ̀ ní Kent, àjèjì ni lójú ìjọba. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ títí tí wọ́n fi dàgbà, tí wọ́n lọ gba páálí, tí wọ́n sì dá wọn padà. Ọdún 2015 ni òfin mìíràn tó ṣí ọ̀nà fún irú wọn láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe òdiwọ̀n lónìí, èmi kò rántí pé wọ́n pariwo nígbà tí ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an wà lára ọmọ tí òfin kò sì kà á sí.

Obìnrin òyìnbó pàápàá jìyà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1870 títí di òpin 1948, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kì í ṣe ọmọ abẹ́ ọba sábà máa ń di àjèjì nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Ìyàwó àwọn atukọ̀ ọmọ Ṣáínà ní Liverpool wà lára wọn. Nígbà tí ogun parí, ní 1945 sí 1946, ìjọba kó púpọ̀ nínú àwọn atukọ̀ yìí padà sí Éṣíà ní bòńkẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi ẹ̀mí wọn wewu nínú ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun. Wọn kò sọ fún àwọn ìyàwó wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà pẹ̀lú èrò pé bàbá àwọn ló já àwọn jù sílẹ̀.

Liverpool yẹn náà ni wọ́n ti lé Charles Wootton, atukọ̀ dúdú, ní oṣù Kẹfà 1919, títí tó fi kó sínú omi èbúté tó sì kú, lásìkò tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lu àwọn dúdú ní ìlú náà àti ní Cardiff. Lára ohun tó ń bí àwọn ènìyàn nínú ni pé àwọn ọkùnrin dúdú ń gbé pẹ̀lú obìnrin funfun. Ní 1930, Muriel Fletcher kọ ìwé ìwádìí kan nípa àwọn ọmọ tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bí, ó sì kọ ọ́ bíi pé àrùn ni wọ́n jẹ́ fún ìlú. Ìwé náà ba orúkọ àwọn ìdílé wọ̀nyẹn jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ tí sójà dúdú Amẹ́ríkà bí fún obìnrin Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ 2,000. Àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kì í gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì bá ara wọn ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Shirley Bassey ti jáde, Cardiff ni wọ́n bí i sí ní 1937, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, tí ilẹ̀ náà bá fẹ́ fi ohùn orin yangàn fún ayé, tirẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Irú àdàpọ̀ mìíràn tún wà tí kò kan ẹ̀jẹ̀ rárá, àwa Yorùbá sì mọ̀ ọ́n dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ sọ ọ́. Láti àárín ọdún 1950 sókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń kàwé ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn ìtọ́jú ọmọ láti wá òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ fún owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló dàgbà bẹ́ẹ̀ ní Kent, Essex, Sussex àti ibòmíràn. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Yorùbá ni òbí rẹ̀ méjèèjì, Tilbury ló dàgbà sí, ní èbúté tí Windrush gúnlẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé òun kórìíra àwọ̀ ara òun débi pé òun lọ bá àwọn ọmọ ìta òyìnbó tó ń lu àwọn dúdú kẹ́gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá inú rẹ̀ kò sọ ọmọ ibi tó jẹ́ fún un. Àwọn tó wà ní àyíká rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, ohun burúkú ni wọ́n sì sọ.

Mo gbà pé ó yẹ ká dárúkọ àwọn tó ti gbé ìgbésí ayé yìí débi tí aráyé fi rí wọn. Èkó ni wọ́n bí David Olusoga sí ní 1970, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Gateshead, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dàgbà sí, níbi tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń sọ òkò wọ fèrèsé ilé wọn lóru títí wọ́n fi kó kúrò. Ọmọ tí wọ́n sọ òkò lù yẹn ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ Ìlú Ọba ní ìtàn ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìbàdàn ni wọ́n bí Sade Adu, olórin, sí ní 1959, bàbá Èkìtì, ìyá Gẹ̀ẹ́sì. Essex ni ìyá rẹ̀ gbé e lọ. Bernardine Evaristo, òǹkọ̀wé tó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn ìwé Booker nínú àwọn obìnrin dúdú ní 2019, ní bàbá tó jẹ́ Yorùbá láti ìran Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀jẹ̀ Ireland àti ti Jámánì sì wà lára tirẹ̀ náà. Àpótí wo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fa àmì sí? Ẹnì kan ṣoṣo ni, ìrìn àjò àti ìyà òkun Àtìláńtíìkì látòkèdélẹ̀ ló wà lára rẹ̀, London ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ohun tó mú un dín kù ní ọmọ London.

Ní oṣù Kẹjọ 2025, àwọn onímọ̀ ìtàn-ilẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde tí ó yẹ kó ti dá ẹjọ́ yìí. Wọ́n ti wú egungun ọmọdébìnrin kan ní ibojì àtijọ́ ní Updown, ní Kent. Ó kú ní àárín ọdún 600 sí 700 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, nígbà tí àwọn tí wọ́n ń pè ní baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé ibẹ̀. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn òbí-àgbà rẹ̀ wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, DNA ẹni náà sì sún mọ́ ti Yorùbá, Esan, Mende àti Mandenka òde òní. Wọ́n rí irú rẹ̀ mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin, ní Worth Matravers ní Dorset. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré sọ pé ọmọ wa ni ọmọbìnrin yẹn. Ohun tó ṣe kókó ni pé àwọn ará ilé rẹ̀ sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ọmọ wọn yòókù, láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù òkú bíi ti gbogbo wọn.

Ìdájọ́ kan náà yẹ kó kan àwa náà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ju ti Ìlú Ọba lọ. Ẹ̀yà tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni abala 25 fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí òyìnbó méjì bá bí sí Ìkẹjà kò di ọmọ Nàìjíríà nítorí bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe pé ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ. Ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà sọ ọ́ kedere pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá ni o, bàbá ni o. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí Kemi Badenoch sọ lórí CNN ní oṣù Keje 2025, pé obìnrin ni òun, nítorí náà ó ṣòro kí àwọn ọmọ òun tó lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò fi bá òfin mu. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, ìyẹn kò sì gba ẹ̀tọ́ wọn. Ibi tí òfin wa ti rẹ́ obìnrin jẹ ni abala 26: ọkùnrin wa lè fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà, obìnrin wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Badenoch tún sọ lẹ́yìn náà pé nínú ìran òun jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òun kò ka ara òun sí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ọmọ yòókù, bíi pé ó di dandan kí wọ́n kọ ọ̀kan sílẹ̀ kí èkejì tó lè jẹ́ tiwọn.

Mo wà níbi ìkómọ kan ní gúúsù London tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ jẹ́ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Lancashire. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi wà lórí tábìlì, abọ́ owó wà láàárín wọn. Nígbà tó kan ìyá-ìyá ọmọ, ó fi pọ́n-ùn mẹ́wàá sínú abọ́, ó ní Dorothy ni òun sọ ọ́, orúkọ ìyá òun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ́ òwú. Àgbàlagbà tó ń kó ọmọ jáde kò rojú. Ó pe Dorothy ní ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo ilé dáhùn, lẹ́yìn náà ló pe Àjọkẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé méjì ni wọ́n sì wò lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ilé wa ló ń rí báyìí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dé Èkó fún ọdún Kérésì kí àwọn ìbátan rẹ̀ máa pè é ní òyìnbó ní ojú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi àìgbọ́ Yorùbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, láìbi ara wọn pé ta ni kò kọ́ ọ. Ọmọ náà yóò gbọ́ "níbo lo ti wá gan-an" ní Croydon, yóò tún gbọ́ ọ ní Sùúrùlérè.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná sí i láti ọdún 2024. Lẹ́yìn tí ọmọ ọdún 17 kan, tí wọ́n bí ní Cardiff láti ọ̀dọ̀ òbí tó wá láti Rwanda, pa àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta ní Southport ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, irọ́ tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé olùwá-ibi-ìsádi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn tí irọ́ náà ru sókè dáná sun ọkọ̀, wọ́n sì gbìyànjú láti sun hòtẹ́ẹ̀lì tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ ní Rotherham. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn tó lé ní 100,000 tẹ̀ lé Tommy Robinson, ajìjàgbara tó ń tako wíwọlé àwọn àjèjì, jáde pẹ̀lú àsíá ní London. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé àsíá ló kórìíra ènìyàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kọjá níbẹ̀ kò ní ọ̀nà láti mọ èwo ni èwo.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba Keir Starmer gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ máa lo ọdún mẹ́wàá, dípò márùn-ún, kí wọ́n tó lè gba ìwé ìgbélùú títí láé, èyí tí àwọn tiwa ń pè ní indefinite. Ẹ so ó mọ́ òfin 1981, ẹ óò rí ohun tó máa bí. Ọmọ méjì lè wà ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan náà ní Lewisham, kí ìyá wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà láti Abẹ́òkúta, tí àwọn méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èyí tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó ọmọ Bìrìtìkó ní páálí láti ọjọ́ ìbí. Èkejì, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ṣágámù, tí òun àti ìyá ọmọ sì ń lo físà iṣẹ́, kò ní in. Lójú òfin, ọmọ onílé ni ọ̀kan, àlejò ni èkejì. Ní ìta gbangba, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi wọ́n.

Fún ọmọ kejì yìí, ọ̀nà méjì wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá gba ìwé ìgbélùú títí láé kó tó pé ọdún 18, wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti di ọmọ Bìrìtìkó. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì fi ju 90 ọjọ́ lọ kúrò nílùú nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé òbí rẹ̀ ìbáà ṣe bó ṣe wù ó rí. Owó tí wọ́n ń gbà ní 2025 ju £1,000 lọ, ṣùgbọ́n láti 2022 ni òbí tí agbára rẹ̀ kò ká a ti lè kọ̀wé pé kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ̀rí ni wọn yóò béèrè. Kí òbí máa tọ́jú ìwé ìbí ọmọ, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, àti ọjọ́ tó wọ bàálù lọ sílé àti ọjọ́ tó padà dé.